Ta ló ti rí rọ́kẹ́ẹ̀tì kó gbéra lójúkojú? Mo ń bọ̀ ní Florida

Télọ̀_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tó ti wà níkùn mi tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́, torí nílé níbí tí mo bá ti lanu báyìí ìyàwó mi á ní "ó tún ti bẹ̀rẹ̀".

Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Aṣọ ọkùnrin ni mo ń rán jù. Kọ̀rónà ló kó mi sí kíní yìí. Ẹ rántí 2020, wọ́n ní ká má kóra jọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú alárinrin, ta ló fẹ́ gbé aṣọ ẹbí wá bá télọ̀? Máṣíìnì mi dákẹ́ lọ gbári. Níbi tí mo ti ń yí fóònù kiri lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo já sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é láìfù, pé wọ́n fẹ́ yìn àwọn ọkùnrin méjì kan sókè, Doug Hurley àti Bob Behnken, láti Florida lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sójú òfurufú yẹn. 27 May ni. Mo jókòó tì í títí, dátà ń jó lọ bí epo bẹntiróò, ó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bá ní ojú ọjọ́ ò dáa, mọ̀nàmọ́ná lè ṣọṣẹ́, ó di Sátidé. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun.

Ṣùgbọ́n Sátidé kò bá mi níta. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún alẹ́ tiwa níbí ló gbéra. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo, àfi bí aládùúgbò mi ṣe ń lu ilẹ̀kùn pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan o, wọ́n ti lọ ni, ó ní àwọn wo?

Èyí tó wá mú mi lẹ́rú pátápátá nìyí. Wọ́n gbé nǹkan ìṣeré ọmọdé kan sínú ọkọ̀ yẹn, dáínósọ̀ kékeré, pé tó bá ti ń léfòó a jẹ́ pé wọ́n ti dé ibi tí nǹkan kì í wúwo mọ́. Ẹ wò ó, síkúìnsì ni wọ́n fi bo kíní ọ̀hún látòkè délẹ̀! Síkúìnsì téèyàn ń fọwọ́ yí padà tó ń di àwọ̀ míì, irú èyí tí àwọn ìyá ìyàwó ń dáràn sí. Mo ní háà, a jẹ́ pé ẹni tó ń di abẹ́rẹ́ mú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ṣé ẹ mọ̀ pé aṣọ tí Neil Armstrong wọ̀ rìn lórí òṣùpá ní 1969, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ́mú Playtex ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún? Àwọn obìnrin tó ti ń rán kọ́mú tẹ́lẹ̀ ló jókòó ti máṣíìnì tí wọ́n rán an. Ìpele mọ́kànlélógún ni wọ́n tò léra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gé gínnì rí, ẹ fojú inú wò ó, ìpele mọ́kànlélógún, tí abẹ́rẹ́ ò sì gbọdọ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ò ní ríbi sá sí tó bá já.

Látìgbà yẹn, bí mo bá ti gbọ́ pé nǹkan fẹ́ lọ sókè, màá gbé fóònù ti ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Kérésì 2021 tí wọ́n yìn James Webb, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, láti Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán ni níbí, àlejò kún ilé, ìrẹsì ń tutù, èmi wà lẹ́yìnkùlé nídìí dúrọ́ọ̀mù omi tí mo ń ṣe "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bàjẹ́" bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìbéèrè mi wá nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Orlando, ó ti pé ọdún mọ́kànlá, kò lọ wo ẹyọ kan rí! Ó ní fèrèsé àwọn kàn máa ń gbọ̀n nígbà míì ni. Físà mi ti jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò lóṣù kẹwàá. Níbo ni kí n dúró sí, kí ni kí n mú dání, tí wọ́n bá tún ní ó di ọjọ́ míì ńkọ́, àti pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tàn mí, ṣé ó yàtọ̀ sí ti inú fóònù àbí owó ọkọ̀ lásán ni?

Àńtí_Nọ́ọ̀sì

Bọ̀dá Télọ̀, ẹ kú orí ire físà. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bi, ará Ìbàdàn mélòó ló ti gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ?

Látìgbà tí mo ti dé Florida níbí èmi náà ò kà á sí, àfìgbà tí ọmọ mi mú iṣẹ́ ilé wá. Titusville ni kẹ́ ẹ lọ. Láti Orlando kò tó wákàtí kan tí ọ̀nà bá dá. Ọ̀sà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Indian River, ẹ̀yin ẹ ó dúró lápá ìhín, ibi tí wọ́n ti ń yìn ín wà lápá ọ̀hún, kò sí igi, kò sí ilé gíga tó máa dí yín lójú. Ẹ lè jókòó sí Space View Park, èmi o, afárá Max Brewer ni tèmi torí ó ga, ẹ ó máa wo gbogbo ẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń dúró sí tí wọ́n ń pè ní 39A jìn tó bíi máìlì 12 síbẹ̀.

Ṣé ó yàtọ̀? Bọ̀dá, nínú fóònù, ariwo àti iná jọ ń dé ni, torí máíkì wọn wà nídìí ẹ̀. Lójúkojú, iná lẹ kọ́kọ́ máa rí. Á tàn yòò, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò ní sí ariwo kankan, gbogbo ayé á dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀fọn létí ara yín. Bí mọ̀nàmọ́ná àti àrá ni, ìmọ́lẹ̀ ti dé, ohùn ṣì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún fún máìlì kan, ẹ wá ṣírò ẹ̀, odindi ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹni tí ò mọ̀ á ti máa sọ pé "ṣé bó ṣe rí náà nìyí?" Ìgbà yẹn ló máa dé. Ó máa kọ́kọ́ kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, lẹ́yìn náà á wá máa ya pàràpàrà, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi eyín já etí gínnì tẹ́ ẹ wá fà á ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n gínnì tó fẹ̀ tó gbogbo ojú ọ̀run. Àyà lẹ fi máa gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ ti Artemis I fún yín, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí NASA, iléeṣẹ́ òfurufú Amẹ́ríkà, yìn lọ sápá òṣùpá láìsí èèyàn nínú ẹ̀, torí ẹ béèrè pé tí wọ́n bá sún un ńkọ́. Mo kó àwọn ọmọ lọ 29 August 2022, wọn ò yìn ín. A tún lọ 3 September, gáàsì haidirójìn ń jò, a tún kó àga wa padà sílé. Haidirójìn yẹn tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ihò tí omi ò lè gbà kọjá òun á gba ibẹ̀, ó sì tún tutù débi tí irin fi ń súnkì. Ìgbà tó di November àwọn ọmọ ní àwọn ò lọ mọ́, èmi nìkan ni mo lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n fi í sí. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé haidirójìn ọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò! Wọ́n wá rán àwọn mẹ́ta kan lọ, wọ́n ń pè wọ́n ní red crew, wọ́n lọ sábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rọ epo kún, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ dè é le. Èmi tí mò ń wò ó lórí fóònù lórí afárá, mo ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n parí ìyẹn tán, kíní kan tí wọ́n fi ń so ráda wọn pọ̀ tún kú, wọ́n tún lọ pààrọ̀ ẹ̀.

Aago méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló gbéra, 16 November. Ó ga tó mítà 98. Bọ̀dá, ilẹ̀ mọ́. Mo rí ojú ẹni tó dúró ti mi kedere, mo rí àwọ̀ súwẹ́tà ẹ̀, àwọn ẹyẹ inú koríko etí omi fò jáde pé ilẹ̀ ti mọ́. Obìnrin òyìnbó kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi. Mo padà sílé aago márùn-ún àárọ̀ torí gó-síló, mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò kábàámọ̀.

Nítorí náà ẹ má fi ọkàn sí ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó ń kó Starlink lọ, àwọn sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, lemọ́lemọ́ ni, ní 2024 nìkan rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra láti apá ibí lé ní 90. Ẹ ra bọ́ọ̀sì... mo fẹ́ sọ pé ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó gbé mọ́tò, bọ́ọ̀sì ò sí lápá ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àga tó ń ká dání, omi, ìpara ẹ̀fọn, kẹ́ ẹ dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Tó bá ti tán, ẹ má sáré wọ mọ́tò, ẹ jókòó jẹun, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ ha sójú títì.

Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó bọ́ sí ìdájí tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Ilẹ̀ á ti ṣú lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn lókè lọ́hùn-ún, èéfín ẹ̀ á tàn, á fẹ̀ bí agbádá tí atẹ́gùn kó sínú ẹ̀. Ìyẹn ẹ̀yin gan-an lẹ máa mọyì ẹ̀ jù.

Alákàn_Ń_Ṣọ́rí

Ẹ máa gbádùn ara yín o. Èmi ò lóye ẹ̀. Èèyàn ń jẹ gààrí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ó tún ń ra dátà láti wo owó òyìnbó tó ń jóná. Àwa náà ṣáà ti dán an wò, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní NigComSat-1, wọ́n yìn ín láti Ṣáínà ní 2007, kò pé ọdún méjì tó fi kú sójú ọ̀run. Télọ̀, aṣọ tèmi ńkọ́? Gbogbo yín náà ni, ẹ ó ní "ọ̀la", kò sí télọ̀ tí kì í sún ọjọ́ síwájú, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yín àti ti àwọn oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì fi wọ̀.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá

😂😂 Alákàn ẹ ti pa mí. Ṣùgbọ́n tèmi kì í jò.

Ọmọ_FUTA

Ẹ̀gbọ́n Alákàn, mi ò jiyàn ti NigComSat-1, ọ̀rọ̀ iná oòrùn ẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀ ní November 2008, wọ́n sì fi 1R rọ́pò ẹ̀ ní December 2011. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti Àkúrẹ́ fún yín.

Ní 2017 mo ṣì wà ní FUTA. Yunifásítì wa ní sátẹ́láìtì, NigeriaEduSat-1. Ẹ má rò pé nǹkan ńlá, gbogbo ẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú lọ, ó wúwo bíi kílò kan, ẹ lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì Kyutech ní Jàpáàn ló ṣe é, àwọn pẹ̀lú ọmọ Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Jàpáàn fúnra wọn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Falcon 9 ló gbé e lọ sí ilé òfurufú yẹn. Ó yẹ kó lọ 1 June, mọ̀nàmọ́ná ò jẹ́. 3 June, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje alẹ́, àwa mẹ́jọ wà lórí fóònù kan ṣoṣo ní yàrá ní South Gate, wọ́n ti mú iná lọ, fóònù ku 11%, ẹni tó ni fóònù ń sọ pé òun fẹ́ pa á torí òun ń retí ìpè ọmọge. A fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án.

Ẹ wá gbọ́, 39A náà ni wọ́n ti yìn ín, ibi tí Àńtí sọ yẹn, ibi tí wọ́n ti yìn Apollo 11 tó gbé Armstrong lọ sí òṣùpá. Ìgbà kejì tí mo kà á ni mo tó gbà pé ìgbà ọgọ́rùn-ún géérégé ni wọ́n yìn nǹkan láti orí pèpéle yẹn, tí nǹkan Àkúrẹ́ sì wà nínú ẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, 7 July, wọ́n tì í jáde láti ilé òfurufú yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po. Ó ti jóná bọ̀ wálẹ̀ tipẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe irú ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, torí kò sí òṣèlú nínú ẹ̀, kò sówó nínú ẹ̀, mi ò lè wò ó bí ẹni ń wo nǹkan òyìnbó mọ́.

Alákàn_Ń_Ṣọ́rí

Ó dáa, ti Àkúrẹ́ yẹn mo gbà. Ẹni tó ni fóònù yẹn ṣe dáadáa.

Baba_Yemẹtu

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí ní 1969. Ní Yemẹtu wa níbí, asọ̀rọ̀mágbèsì ló wà lára ògiri ilé bàbá mi, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, àpótí ni, á máa sọ̀rọ̀, ẹ ò lè dá a lóhùn. Ogun Biafra ò tíì parí, ìròyìn ogun là ń gbọ́ lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ogun. Wednesday, 16 July, lẹ́yìn aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán tiwa ni àwọn tó lọ sí òṣùpá gbéra. Èyí tí mo rántí jù ni ti Sunday tí wọ́n gúnlẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lu. Ìyá bàbá mi jáde sí àgbàlá, òṣùpá ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ó wà lápá ìwọ̀ oòrùn láàárín kùrukùru òjò. Màmá tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní irọ́ ni, òun ò rí àtùpà wọn.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Èkó ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ìgbà yẹn. Ní July 1963 wọ́n yìn sátẹ́láìtì kan láti Cape Canaveral, ní Florida yìí náà, Syncom 2. Nígbà tó di 23 August, Kennedy wà ní Washington, Balewa wà l'Ékòó nínú ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa, wọ́n sì fi sátẹ́láìtì yẹn bára wọn sọ̀rọ̀. Kò sí olórí ìjọba méjì tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé. Èkó ni o. Kẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, Télọ̀, ẹ bá mi kí wọn.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá

Baba, ẹ ṣé gan-an ni sà. Màmá yẹn ò ṣẹ̀, ẹni tó bá lọ sóde lóru ṣáà yẹ kó gbé àtùpà.

Àńtí, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń wọn oníbàárà. Ó ku méjì tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àkọ́kọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá ti gòkè díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Láti 2020 wá àyà mi ò tíì yé já, mo máa ń rò pé ó fẹ́ ṣubú ni. Èkejì, kí ló dé tí wọ́n á ní tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́, ó di ọ̀la? Ìṣẹ́jú-àáyá kan!

Ọmọ_FUTA

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òkè ni wọ́n ń lọ gan-an. Ẹ ju òkò sókè ganran, orí yín ló máa padà sọ. Ẹ jù ú síwájú, á lọ díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ẹ jù ú líle sí i, á jìnnà sí i. Ayé wá rí roboto, tẹ́ ẹ bá lè jù ú débi tó jẹ́ pé bó ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀ náà ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀, kò ní balẹ̀ mọ́, á kàn máa yí po ni. Eré tó gbọ́dọ̀ sá kó tó rí bẹ́ẹ̀ tó bíi 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Nítorí náà gíga yẹn kéré nínú iṣẹ́ ẹ̀, ilé òfurufú yẹn ò jìn ju bíi 400 kìlómítà lọ, eré sísá ló kó epo jẹ. Ìlà oòrùn ló máa ń dà sí torí ayé fúnra ẹ̀ ń yí lọ sápá ibẹ̀, ó ń bá a tì í, àti pé òkun ló wà níwájú, tí nǹkan bá já bọ́ kò ní bọ́ lé èèyàn lórí.

Ti ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, ẹ wo dánfó tí kì í dúró. Ilé òfurufú ń kọjá lọ lójú ọ̀nà tiẹ̀, ayé sì ń gbé Florida yí lọ lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí Florida bá bọ́ sábẹ́ ọ̀nà yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ fò mọ́ ọn. Ẹ bá pẹ́, ẹ ó ní láti yà bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, epo yín ò sì tó yà. Ti Starlink kì í le bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń ní àyè wákàtí mélòó kan, ìyẹn ni mo fi gbà pé èyí tí Àńtí mú un yẹn ló dáa fún yín.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ lè rí ilé òfurufú yẹn láti Mọ́kọ́lá náà o, kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ jáde lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, NASA ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa sọ àkókò fún yín. Bí ìràwọ̀ tó ń rìn ni, kì í ṣẹ́jú.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá

Mo ti rí i! Mo ti ń pè é ní bàálù tipẹ́tipẹ́.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó pè mí lóru àná, ó ní òun ń bọ̀, òun á se mọ́ínmọ́ín, ó ní àwọn ọmọ òun náà ń bọ̀, ó tún wá ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń lọ, kí n ra áńkárá kan kí n rán an fún gbogbo wa. Mo ti rí ọ̀kan ní Gbági, búlúù tó dúdú, ó ní àmì tóótòòtó bí ìràwọ̀.

Àńtí_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ò sọ iye tí wọ́n ń ta yáàdì. Ẹ fi tèmi kún un, mẹ́fà ni mò ń lò, kẹ́ ẹ sì rán an tán kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, mi ò gbọ́ "ọ̀la".